Alẹ́ Orin Metal Lábẹ́ Ilé Ọtí Kan ní Camden

Bí ènìyàn bá jáde láti ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Camden Town, ní àríwá London, ilé ọtí ńlá kan tó ń jẹ́ The World's End ni yóò rí ní òdìkejì títì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọjá níwájú rẹ̀ kò mọ̀ pé gbọ̀ngàn orin kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní The Underworld, tí kò gbà ju nǹkan bíi 500 ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n bí sí ìlú yìí, lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá láti gbọ́ ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta tó ń kọ orin heavy metal, ìyẹn orin gìtá oníná tí ohùn rẹ̀ wúwo, tí ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nípa alẹ́ náà, òun ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí orin yìí jẹ́ ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti pápá ìṣeré ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Inú yàrá kékeré bí èyí ni kí ó lọ.

Màmá mi pè mí láti Ìbàdàn nígbà tí mò ń múra lọ́wọ́. Bí mo ṣe sọ ibi tí mò ń lọ fún wọn, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe orin àwọn tó ń bọ Sàtánì yẹn nìyẹn, ọmọ mi?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ariwo pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni àwọn tó ń kọ ọ́." Wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, mo sì ṣe àmín. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé aṣọ dúdú, àwòrán agbárí àti orúkọ abanilẹ́rù tí àwọn ẹgbẹ́ olórin wọ̀nyí máa ń yàn fún ara wọn tó ohun tó lè já ẹni tí kò sún mọ́ wọn láyà. Kódà ìka méjì tí wọ́n máa ń nà sókè bí ìwo, èyí tí àwọn oníwàásù kan máa ń tọ́ka sí pé àmì èṣù ni, ní ìtàn mìíràn lẹ́yìn. Ronnie James Dio, tó di akọrin ẹgbẹ́ Black Sabbath ní ọdún 1979, ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo olólùfẹ́ orin yìí ń ṣe, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà òun, tó jẹ́ ará Ítálì, ni òun ti rí i. Ohun tí ìyá àgbà náà ń lò ó fún ni láti fi lé ojú burúkú sẹ́yìn. Mo sọ èyí fún Màmá mi lórí fóònù, wọ́n sì ní ìyẹn yé àwọn.

Ìlú Birmingham ni orin yìí ti ṣẹ̀, ní àdúgbò Aston, láàárín àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1968 ni Tony Iommi, Geezer Butler, Bill Ward àti Ozzy Osbourne dá ẹgbẹ́ tó padà di Black Sabbath sílẹ̀. Iommi ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin pẹlẹbẹ, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ náà gé orí ìka méjì dànù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka àárín àti èyí tó wà láàárín rẹ̀ àti ìka kékeré. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ni ó fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ kan nínú iná, ó mọ ọ́n ní ìwọ̀n orí ìka tó gé náà, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà tó sì yá, ó dẹ àwọn okùn náà kí títẹ̀ wọn lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Okùn tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ a lọ sísàlẹ̀, a sì wúwo. Ohùn wíwúwo yẹn ni gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e jogún, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tí mo lọ gbọ́ ní Camden sì wà lára wọn.

Yàrá kékeré ni Black Sabbath náà ti bẹ̀rẹ̀. Òkè ilé ọtí The Crown, ní Station Street ní Birmingham, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré, ìgbà tí wọ́n sì wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní oṣù October ọdún 1969, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gba gbogbo àwo àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níwájú ènìyàn ní ilé ọtí ni wọ́n ṣe é níbẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù July ọdún 2025, wọ́n ṣe eré ìdágbére ní pápá ìṣeré Villa Park, ní Aston yẹn kan náà, níwájú èrò tó lé ní 40,000, Ozzy sì jókòó lórí àga ńlá kọrin nítorí àìsàn. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni ó kú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wo eré yẹn, mo sì sunkún. Síbẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ìyìn tó tọ́ sí wọn lẹ́yìn iṣẹ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti wáyé tipẹ́tipẹ́ nínú àwọn yàrá tí òógùn ń kán láti àjà. Nítòsí ibi tí mò ń gbé ní Stratford, ní ìlà-oòrùn London, ilé ọtí Cart and Horses wà níbẹ̀ títí di òní, níbi tí Iron Maiden, ẹgbẹ́ tí Steve Harris dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ti máa ń ṣeré nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wọ́n. Bí mo bá ń kọjá lọ sí ọjà, mo máa ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

Kò yẹ kí a ka gìtá olóhùn líle sí ohun àjèjì sí wa pátápátá. Ní Èkó, ní ọdún 1972, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà orúkọ ara wọn ṣe orúkọ ẹgbẹ́ náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, Jones àti Akins ti bá Ginger Baker ṣeré, onílù ẹgbẹ́ Cream tó wá gbé ní Nàìjíríà, tó sì ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 1973. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àwo BLO kan nílé wọn ní Mọ́kọ́lá, èmi náà sì gbọ́ ọ dáadáa ní kékeré. Orin wọn kì í ṣe metal, ṣùgbọ́n ohun tí Jones ń fi gìtá yẹn ṣe ni kò jẹ́ kí etí mi sá nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ metal.

Aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn The Underworld fún wa. Ó tètè bẹ̀rẹ̀ nítorí pé gbọ̀ngàn náà máa ń di ilé ijó fún àwọn mìíràn ní òru ọjọ́ Jímọ̀, eré metal sì gbọ́dọ̀ ti parí kí wọ́n tó dé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹ àpò wa wò, a sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a sì bọ́ sínú yàrá tí àjà rẹ̀ kò ga, tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní dúdú, tí òpó ńláńlá sì dúró káàkiri inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ ibẹ̀ ló mọ̀ nípa àwọn òpó yìí, nítorí pé ẹni tó bá dúró sí ẹ̀yìn wọn kò ní rí nǹkan kan títí eré yóò fi parí. Àbúrò mi fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ sí apá òsì, òpó kò ní dí yín lójú níbẹ̀." A dúró sí ibi tí kò jìnnà sí pẹpẹ ìṣeré, pẹpẹ náà kò sì ga ju orúnkún mi lọ púpọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan láti Leeds ló kọ́kọ́ gun orí pẹpẹ. Èrò kò tíì pọ̀, àwọn mìíràn ṣì wà lókè níbi tí wọ́n ti ń mutí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ṣeré bí ẹni pé gbọ̀ngàn ti kún. Ó máa ń dùn mí nígbà tí àwọn ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé nítorí pé ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn kò tíì jáde. Ẹni tí a kò bá gbọ́ lónìí kò ní di ẹni tí a ń tò sí ẹnu ọ̀nà torí rẹ̀ lọ́la.

Ẹgbẹ́ kejì wá láti Bristol, doom sì ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ẹ̀ka metal tí kì í yára rárá. Obìnrin kan ló ń kọrin, òun náà ló ń ta gìtá béèsì, ọkùnrin méjì sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan nídìí gìtá, ọ̀kan nídìí ìlù. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n to àwọn ẹ̀rọ agbóhùnjáde Marshall sí, irú èyí tí Jim Marshall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1962 nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn London yìí náà. Ìgbà tí obìnrin náà fa okùn àkọ́kọ́, kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ. Igbá àyà mi ló kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n nínú eyín, lẹ́yìn náà ni omi inú ife tí mo mú dání bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró. Ó jẹ́ kí ohùn náà rìn lọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, kí ó tó fa òmíràn. Ní orí fóònù, irú orin báyìí a máa sú ènìyàn, nítorí pé sípíkà kékeré kò lè gbé ohùn tó lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, ohun tó sì ṣẹ́kù fún olùgbọ́ ni ìdúró gígùn láìsí ohun tó ń dúró dè. Nínú yàrá yẹn, ìdúró náà gan-an ni orin. Gbogbo wa ń mi orí lẹ́ẹ̀kan náà, láìyára, pẹ̀lú ìlù, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo wo ojú àbúrò mi, mo rí i pé ó ti dijú.

Láti Sweden ni ẹgbẹ́ kẹta ti wá, àwọn tí gbogbo èrò torí wọn wá gan-an. Orin death metal ni tiwọn, ìyẹn ẹ̀ka metal tí akọrin ti máa ń bú ramúramù, ti irú Stockholm, èyí tó ní ohùn tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé, tó ń dún bí ayùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Pẹ́dáàlì kékeré kan, ẹ̀rọ tí onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, ló ń mú ohùn náà jáde. HM-2 ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Boss ti Japan ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ Stockholm sì yí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ dé òpin, èyí tó ṣeé ṣe kí àwọn tó ṣe é má rò rárá. Ẹgbẹ́ Entombed gbé ohùn yẹn jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 1990, láti ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sunlight tí Tomas Skogsberg ń darí. Ibi tí mo dúró sí sún mọ́ pẹpẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí HM-2 náà nílẹ̀ níwájú onígìtá, dúdú, ara rẹ̀ ti bó, tí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sì kọjú sí apá ọ̀tún pátápátá. Inú mi dùn láti rí i. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì fojú kàn án rí.

Nǹkan mìíràn tí sísúnmọ́ jẹ́ kí n rí ni ẹsẹ̀ onílù. Pẹ́dáàlì méjì ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìlù ńlá ìsàlẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lù ú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lókè. Lórí àwo, ènìyàn lè rò pé kọ̀ǹpútà ni. Níbẹ̀, mo rí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí i bí ó ṣe ń fi ẹnu ka ìlù náà, mo sì rí ìgbà kan tí ó rẹ̀ ẹ́, tó fi ojú pe onígìtá béèsì, tí ìyẹn sì sún mọ́ ọn títí wọ́n fi jọ gbé apá tó le jù kọjá. Akọrin wọn pẹ̀lú, ẹni tí àwọn tí kò mọ̀ yóò sọ pé ó kàn ń bú ramúramù, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Àwọn tó ń kọrin báyìí kì í fi tan-án-ná gan-an bú, àwọn ìṣẹ́po ẹran tó wà lókè tan-án-ná ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń ti èémí láti ìsàlẹ̀ ikùn, nítorí pé ẹni tó bá fi ọ̀nà ọ̀fun lásán ṣe é kò ní lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo rí ikùn rẹ̀ bí ó ṣe ń wú, tó sì ń sọ̀, ṣáájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni onílù dùndún ní òde àríyá, tí yóò fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò rìn wá síwájú ẹnì kan ṣoṣo, tí yóò tẹ̀ síwájú, tí yóò sì máa fi ìlù kì í títí ara rẹ̀ yóò fi yá gágá. Onílù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún 40,000 ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tó ń lu ìlù fún, onítọ̀hún náà sì gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ rẹ̀. Akọrin ará Sweden yẹn tẹ̀ wálẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó kọ gbólóhùn kan sí ojú àbúrò mi tààrà, àbúrò mi sì kọ èyí tó kàn padà fún un, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ní àárín gbọ̀ngàn, agbo ti ṣí. Àwọn ènìyàn ń sáré yí po, wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn, àwọn mìíràn ń fò, ẹni tó bá sì ń wò ó láti òkèèrè yóò rò pé ìjà ló bẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kà mí mọ̀ pé òfin wà nínú agbo yìí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí ara ògiri. A kì í mọ̀ọ́mọ̀ lu ẹnikẹ́ni. A kì í fa ẹni tó dúró sí etí agbo wọlé bí kò bá fẹ́. Èyí tó sì ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù gbọ́dọ̀ gbé e dìde lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣubú ní iwájú mi; kí n tó na ọwọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ga, tí òógùn bò, ti yí i ká, wọ́n fi ẹ̀yìn wọn dí àwọn tó ń sáré bọ̀, wọ́n gbé e sókè, ọ̀kan sì ń béèrè bóyá nǹkan kan ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà wọ inú agbo. Láìpẹ́, ẹnì kan na gíláàsì ojú kan tó jábọ́ sókè kí olúwa rẹ̀ lè rí i, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láàárín ìrọ́kẹ̀kẹ̀ náà títí tí onígíláàsì fi dé. Mo ti wà ní àwọn àríyá tí wọ́n ti ń kọ orin ìfẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ti bìkítà fún ẹni tó ṣubú tó báyìí.

Àwa aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ ní gbọ̀ngàn náà, n kò sì ní sọ pé pípọ̀ tàbí àìpọ̀ wa kò já mọ́ nǹkan kan fún mi. Mo kí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó rán àmì àwọn ẹgbẹ́ olórin mọ́, ó sì kí mi bí ẹni tó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Orin yìí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo mọ́. Ní Botswana, ẹgbẹ́ bíi Overthrust àti Skinflint ní àwọn olólùfẹ́ tó ń wọ aṣọ awọ láti òkè dé ilẹ̀ nínú oòrùn. Ní Brazil, nígbà tí ẹgbẹ́ Sepultura ṣe àwo Roots ní ọdún 1996, Carlinhos Brown láti Salvador ní Bahia, ìlú tí ìlù àwọn baba ńlá wa kò tíì dákẹ́, ni wọ́n pè wá lu ìlù fún wọn, ní ìparí àwọn ọdún 1990 sì ni Derrick Green, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, di akọrin ẹgbẹ́ náà. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbọ́ metal ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ohun tí ará ilé yóò sọ.

Ẹ dákun, ẹ dí etí yín bí ẹ bá lọ. Àwọn onímọ̀ ìlera fi ìwọ̀n ariwo 85 désíbẹ́lì fún wákàtí 8 ṣe ààlà ohun tí etí lè gbà láìfarapa, wọ́n sì ní bí ariwo bá dé 100 désíbẹ́lì, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Eré metal nínú yàrá kékeré máa ń kọjá 100. Róbà kékeré tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin, tó ń dín ariwo kù láìba orin jẹ́, kò wọ́n, gbogbo ìgbà ló sì máa ń wà lápò mi.

Nígbà tí eré parí, àwọn ará Sweden náà fúnra wọn ló wá dúró sí ẹ̀yìn tábìlì, tí wọ́n ń ta ṣẹ́ẹ̀tì àti àwo. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì kan ní 25 pọ́ùn. Owó orí tábìlì yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń ra epo sínú ọkọ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n ń rí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kéré púpọ̀, àwọn gbọ̀ngàn kan sì tún máa ń gba ìpín nínú owó orí tábìlì náà. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olórin tó ń jẹ́ Featured Artists Coalition bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn gbọ̀ngàn tí kì í gba kọ́bọ̀ sílẹ̀, kí olórin lè mọ ibi tó dára láti lọ.

Àwọn gbọ̀ngàn náà ní ìṣòro tiwọn. Music Venue Trust, àjọ tó ń jà fún àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké ní Britain láti ọdún 2014, kéde pé 125 nínú wọn ló kógbá sílé tàbí tó dẹ́kun gbígbé orin sí orí pẹpẹ ní ọdún 2023 nìkan. Owó ilé ga, owó iná ga, àwọn tó wá ra ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ń fi ẹjọ́ ariwo sùn. Láti ọdún 2018, ìlànà ìjọba ní England sọ pé ẹni tó wá kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ló gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ariwo kò fi ní wọlé sínú ilé náà, ohun tó sì tọ́ nìyẹn. Ní oṣù May ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan dábàá pé kí wọ́n máa yọ owó díẹ̀ lára tíkẹ́ẹ̀tì àwọn pápá ìṣeré ńláńlá fún ìrànlọ́wọ́ àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi láti wo Iron Maiden jẹ ilé ọtí Cart and Horses ní gbèsè.

Mo bi onílù ará Sweden náà léèrè ibi tí wọ́n ń lọ láti ibẹ̀. Ó ní Manchester ni lọ́la, pé inú ọkọ̀ ni àwọn yóò sùn, ó sì fi ọwọ́ tó ti yi bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, àwọn tó wá jó ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi ní ebi ń pa òun, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Stratford, orí ìjókòó ibẹ̀ ni a sì ti fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì eré tó kàn.